Ọ̀fún Ṣì Ń Jẹ́ Àgbà: Bí A Ṣe Ń Múra Ọkàn Ọmọdé Sílẹ̀ De Àbúrò Rẹ̀



Ẹ̀kọ́ tòní wá láti inú ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi mí nígbà tí wọ́n bá wá dá Ifá lórí oyún. Tí a bá ti gbọ́ ohun tí Ifá sọ nípa ìyá, tí a ti ka ẹbọ, tí ọkàn gbogbo wa ti balẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Bàbá, èyí tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́? Kí la máa sọ fún un?" Èyí tó wà nílẹ̀ ni ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà, tí kò mọ̀ pé ilé tí òun nìkan ń jọba nínú rẹ̀ fẹ́ yí padà.

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ tí kì í tọ̀ sórí ẹní mọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Èyí tó ti ń dá jẹun ní kí wọ́n máa fi oúnjẹ sí òun lẹ́nu. Òmíràn á já ìkókó léèékánná bí ojú ìyá bá ṣe kúrò níbẹ̀ báyìí. Àgbà kan á ní, "Owú ló ń jẹ ẹ́, ẹ nà án." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú pàṣán. Ọmọ yẹn ní ìbéèrè kan nínú tí ẹnu rẹ̀ kò tíì lè sọ jáde, ó wá ń fi ìwà bi wá: "Ṣé ipò mi ṣì wà?" Bí a bá ti dá a lóhùn kí àbúrò tó dé, iṣẹ́ ti dé ìdajì.

Ohun tí Ọ̀fún Méjì kọ́ wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ Ifá mọ̀ pé ojú odù 16 ló wà, pé láti ara wọn ni a ti rí odù 256. Ojú odù wọ̀nyí tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ìyá. Èjì Ogbè ló ṣíwájú, Ọ̀yẹ̀kú Méjì tẹ̀lé e, Ìwòrì Méjì, Òdí Méjì, títí a fi dé Ọ̀fún Méjì tí a tún ń pè ní Ọ̀ràngún Méjì. Òun ló ṣe ìkẹrìndínlógún. Ipò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Nígbà tí a bá ń dìbò, tí a dá odù kan fún ìbò kìíní, tí a dá òmíràn fún ìkejì, èyí tó bá ṣe àgbà nínú odù méjèèjì ni a ó tẹ̀lé.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tún fi ìtàn mìíràn lé wa lọ́wọ́. Wọ́n ní Ọ̀fún gan-an ló kọ́kọ́ jẹ́ àgbà láàárín gbogbo odù, kí ipò náà tó bọ́ sọ́wọ́ Èjì Ogbè. Bí olúwo kan ṣe ń sọ ìdí rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, àmọ́ ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ parí sí: ẹni tó wà níwájú tẹ́lẹ̀ ló wá wà lẹ́yìn. Ẹ wá wo ohun tí àwọn babaláwo ṣe. Wọn ò sọ Ọ̀fún di ẹni tí a kò kà sí. Títí dòní olónìí, tí Ọ̀fún Méjì bá yọ lójú ọpọ́n, a máa ń kí i ní kíkí àgbà: "Hèèpà!" Aáyán iwájú ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iyì rẹ̀ kò bọ́.

Àkọ́bí inú ilé ni Ọ̀fún inú ilé. Ojú tó ń wo òun nìkan yóò pín. Ọmú yóò di ti ẹlòmíràn, ẹ̀yìn ìyá yóò di ti ẹlòmíràn. Iṣẹ́ òbí ni láti wá "hèèpà" tiẹ̀ fún un, ìyẹn ohun kan tó jẹ́ tiẹ̀, tí ìkókó kò ní gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé.

Yorùbá kì í kúkú fi ipò ọmọ ṣeré. Ẹ wo ìbejì. Táyéwò ló kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni a ń pè ní ẹ̀gbọ́n, nítorí a gbà pé òun ló rán Táyéwò níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ẹni tó tẹ̀lé ìbejì, Ìdòwú ni. Ẹni tó tẹ̀lé Ìdòwú, Àlàbá ni. Kò sí ẹni tó kàn já wọlé láìní àyè nínú wọn. Orúkọ ti ń dúró dè wọ́n kí wọ́n tó dé. Ẹ tún wo orúkọ ìyá fúnra rẹ̀. Tí àkọ́bí bá ń jẹ́ Bọ́lá, Ìyá Bọ́lá ni gbogbo àdúgbò á máa pè é. Tó bá bí mẹ́rin sí i lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Bọ́lá náà ni. Ẹ sọ èyí fún Bọ́lá! Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ látẹnu ìyá rẹ̀: "Orúkọ rẹ ni wọ́n fi ń pè mí, orúkọ rẹ náà ni wọ́n á sì máa fi pè mí lọ." Ọmọ ọdún mẹ́ta lóye ìyẹn dáadáa.

A kì í pín orí bí ẹran

Nínú Ogbè Ògúndá, Ifá sọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó fẹ́ ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣẹ́ẹ̀kú ọmọ Ògún, Orílẹ̀ẹ́mẹ̀rẹ̀ ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ilé Àjàlá tó ń mọ orí ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú, wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú. Afùwàpẹ́ yà lọ rí bàbá rẹ̀, wọ́n dá Ifá fún un, ó rúbọ, òun ló sì dé gbẹ̀yìn. Nígbà tí òjò líle pa wọ́n lójú ọ̀nà ayé, orí àwọn tó kánjú ń họ. Ti Afùwàpẹ́ dúró digbí.

Tí a bá ń ka ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ sùúrù àti ẹbọ la sábà máa ń tẹnu mọ́. Lónìí, apá mìíràn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ilé kan náà ni gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló gbé orí tirẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tó gé lára orí ẹnìkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ìyá méjì. Inú kan náà ni wọ́n gbà wá, orí wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ohun tó ń ba ọmọdé lẹ́rù ni pé ohun tí àbúrò bá gbà, lára tòun ni wọ́n ti gé e. Ifá ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa òbí ló máa ń mú kó jọ bẹ́ẹ̀ tí a bá ń fi wọ́n wé ara wọn: "Wo àbúrò ẹ, òun kì í sunkún." Irú ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ìgbà tí a bá ń fi ọwọ́ ara wa họ orí ọmọ.

Ohun tí mo máa ń gba àwọn ènìyàn mi níyànjú rèé. Ìdílé onífá máa ń ṣe àkọsẹ̀jayé fún ọmọ tuntun lọ́jọ́ kẹta, láti mọ orí tó gbé wá sáyé. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n jókòó. Ẹ sọ odù tó jáde nígbà tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ ilẹ̀ ayé fún un. Ẹ sọ ìtàn inú rẹ̀ fún un bí àlọ́, kó kúrú, kó dùn. Ẹ pe oríkì rẹ̀, yálà Àjàní ni tàbí Àṣàkẹ́. Ẹ ní, "Tìẹ nìyí o. A fẹ́ lọ gbọ́ ti àbúrò ẹ báyìí." Ọmọ tó mọ odù ara rẹ̀ kò ní bẹ̀rù odù ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọmú, ọ̀rọ̀ ìtàn

Ìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n mú un wọ inú rẹ̀ díẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá wa kì í sáré bímọ léra wọn lórí. Abiyamọ á fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì, ó tó mẹ́ta nígbà mìíràn, kò sì ní bá ọkọ sùn títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú. Ní 1977, J. C. Caldwell àti Pat Caldwell tẹ ìwádìí jáde lórí àṣà yìí gan-an láàárín àwa Yorùbá. Ìtìjú ńlá ni kí obìnrin lóyún nígbà tí ọmọ ọwọ́ kò tíì rìn. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀: nígbà tí àbúrò bá fi máa dé, ẹ̀gbọ́n ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀, ó ti ń jẹ ohun tí ilé ń jẹ, ó sì ti lẹ́gbẹ́ tó ń bá ṣeré. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gba àwọn ìyá níyànjú pé kí wọ́n dúró fún oṣù 24 ó kéré tán lẹ́yìn ìbímọ kí wọ́n tó tún lóyún. Àwọn ìyá àgbà wa kò ní yà lẹ́nu.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí àlàfo yẹn kò bá sí, àwọn ará Gã ní Gánà ti fún un lórúkọ. Dókítà Cicely Williams ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast. Ní 1935, ó kọ̀wé nípa àìsàn kan nínú ìwé ìròyìn Lancet, ó sì pè é ní orúkọ tí àwọn Gã ń pè é: kwashiorkor. Ìtumọ̀ tó fún un ni àìsàn tó ń mú ọmọ tí a rọ̀ lóyè nígbà tí èyí tó tẹ̀lé e bá dé. Ọmọ tí a rọ̀ lóyè! Wọ́n já a lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò, wọ́n wá ń fún un ní ẹ̀kọ lásán, ara rẹ̀ wú, irun rẹ̀ pupa. Nítorí náà, ẹ̀yin tí oyún bá dé bá nígbà tí ọmọ ṣì ń mu ọmú, ẹ má fi ewúro sórí ọmú lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà lọ́jọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ já a. Kí ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀pà máa wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Kí ó sì parí ní oṣù mélòó kan kí àbúrò tó dé, kó má baà rò pé ẹni yìí ló gba ọmú lẹ́nu òun.

Bákan náà ni ti ibùsùn àti sukúlù. Tí ọmọ á bá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, tàbí tí á bá bẹ̀rẹ̀ sukúlù, ẹ ṣe é tipẹ́tipẹ́, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí ara ilé bá ti rọlẹ̀.

Kí àbúrò tó dé

Ẹ má tètè sọ ọ́. Ọmọdé kò mọ oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí ikùn kọ́kọ́ yọ, kí ẹ wá so ó mọ́ ohun tó mọ̀: "Tí òjò bá dá," tàbí "lẹ́yìn ọdún iṣu tuntun."

Ẹ sọ òtítọ́. Ẹ má ní ọsibítù lẹ ti fẹ́ lọ ra ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bá lè rà, wọ́n lè dá a padà; òun náà á wá máa rò pé wọ́n lè dá òun padà. Ẹ ní, "Ọmọ wà nínú ikùn Màmá. Ìwọ náà gbé ibẹ̀ rí." Ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ikùn nígbà tí ọmọ bá ń yí.

Ẹ má ṣèlérí ẹni tí á bá a gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ sọ bí ìkókó ṣe rí gan-an: á máa sunkún, á máa sùn, á máa mu ọmú, kò ní lè ṣeré fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fi fọ́tò ìgbà tí òun náà kéré hàn án lórí fóònù. Tí ọ̀já tí ẹ fi pọ̀n ọ́n bá ṣì wà, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Ẹ sọ ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí Màmá bá lọ ọsibítù. Nílé, ìyá àgbà tàbí àǹtí á ti wà ní tòsí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston, tí kò sí ìyá àgbà nítòsí, ẹ tètè yan ọ̀rẹ́ kan, kí ọmọ sì ti sùn lọ́dọ̀ ẹni náà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú.

Ọjọ́ tí ìkókó bá dé, àti ọjọ́ orúkọ

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá kọ́kọ́ wọlé wá rí ìyá rẹ̀, kí ọwọ́ ìyá ṣófo. Kí ẹlòmíràn gbé ìkókó. Kí ìyá gbá ẹ̀gbọ́n mọ́ra ná, kó tó wá fi àbúrò hàn án. Ẹ̀yin àlejò, ẹ má fò ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kí òun náà: "Ẹ̀gbọ́n, o kú ewu àbúrò o!" Ẹ máa rí bí á ṣe na àyà.

Àwọn baba wa a máa sọ ọmọkùnrin lórúkọ lọ́jọ́ kẹsàn-án, obìnrin lọ́jọ́ keje, ìbejì lọ́jọ́ kẹjọ. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ti di ti gbogbo ọmọ níbi púpọ̀. Ọjọ́ èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ń ṣe é, ẹ wá àyè fún ẹ̀gbọ́n. Tí oyin àti iyọ̀ bá ti kan ìkókó lẹ́nu, kí ó kan ẹ̀gbọ́n kí ó tó kan àwọn àlejò. Tí a bá ti pe orúkọ tán, kí òun náà pè é sókè. Ní ilé kan tí mo ti ṣe ìsọmọlórúkọ, ọmọ ọdún mẹ́rin kan pe orúkọ àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá pé òun lòun sọ ọ́ lórúkọ. Ta ló máa já a níyàn?

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ wà tí ọwọ́ kékeré lè ṣe: kó mú ìlédìí wá, kó kọrin fún àbúrò, kó bá wọn yan aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún un. Ẹ yìn ín tó bá ṣe é. Tí kò bá fẹ́ ṣe é lónìí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fi ìkókó sílẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀ nìkan, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Ọmọdé ló ń jẹ́.

Kí bàbá tàbí ìyá sì ní àkókò kan lójúmọ́ tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n nìkan. Ìṣẹ́jú 15 tó. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹlòmíràn gbé ìkókó. Tó bá ní òun náà fẹ́ kí ẹ pọn òun, ẹ pọ̀n ọ́n! Ẹ̀yìn yín kò ní ṣẹ́. Tó bá tọ̀ sílé, ẹ pààrọ̀ ẹní láìpariwo. Ó máa kọjá.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbé jù sílẹ̀

Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa fi ọmọdé ṣẹ̀fẹ̀. "Wọ́n ti gba Màmá lọ́wọ́ ẹ o!" "Wọn ò fẹ́ ẹ mọ́, àbúrò ẹ ni wọ́n fẹ́." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bẹ̀rù gan-an ni àgbà fi ẹnu ara rẹ̀ fọwọ́ sí yẹn. Ẹ bá mi sọ fún àwọn àǹtí àti bùrọ̀dá ilé pé kí wọ́n wá ẹ̀fẹ̀ mìíràn. "O ti dàgbà" náà, ẹ máa rọra lò ó. Ọdún mẹ́ta kò di àgbà nítorí pé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta wà nínú ilé.

Ọ̀kan wà tó burú ju gbogbo wọn lọ, òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ ẹ̀kọ́ yìí. Tí oyún kejì bá pẹ́ kó tó dé, tàbí tí ó bá wálẹ̀, tàbí tí ìkókó bá ṣàìsàn, àwọn kan máa ń nawọ́ sí ọmọ tó wà nílẹ̀. Wọ́n á ní òun ló ti ilẹ̀kùn inú ìyá rẹ̀. Wọ́n á ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni, pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀lé òun. Mo ti rí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ báyìí lé kúrò nínú ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹni yòówù tó bá sọ ọ́, ì báà wọ ẹ̀wù funfun, ì báà so ìdè mọ́wọ́ bíi tèmi, ẹ má gbà. Ẹ lọ rí dókítà, tọkọtaya ni o. Tí Ifá bá yan ẹbọ, kí ìyá àti bàbá rú u. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹrù oyún lé ọmọdé lórí.

Tí ẹ bá sì ti sọ fún ọmọ pé àbúrò ń bọ̀, tí oyún náà kò dúró, ẹ má dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kó ti sọ nínú ara rẹ̀ rí pé òun kò fẹ́ àbúrò, kó wá rò pé òun lòun lé e lọ. Ẹ gbé e lé itan, ẹ ní, "Ọmọ náà kò lè dúró. Inú wa bàjẹ́. Kì í ṣe ohun tí o ṣe, kì í ṣe ohun tí o rò."

Iṣẹ́ ilé

Kí a tó tún pàdé, ẹ̀yin òbí, ẹ lọ wá ohun tí Ifá sọ lọ́jọ́ tí àkọ́bí yín dáyé. Tí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wá ìwé náà jáde; tó bá jẹ́ olúwo ló mọ̀ ọ́n, ẹ lọ bi í. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ lálẹ́ ọjọ́ kan kó tó sùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jẹ́ àkọ́bí, ẹ bi ìyá yín bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí àbúrò yín dé. Ẹ̀yin àbíkẹ́yìn, ẹ lọ kí ẹ̀gbọ́n yín. Hèèpà rẹ̀ lè ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò tíì bọ́ sórí.

Àwọn tó ń retí, ẹ ó gbóhùn ìyá, ẹ ó gbóhùn ọmọ. Kí orí ẹ̀gbọ́n gbe àbúrò, kí orí àbúrò gbe ẹ̀gbọ́n. Àṣẹ.